Àwo Mẹ́jọ ní Abíjàn

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí ẹ ń yà kí mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ máa ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Mo ti rò ó fún àwọn ará òkè ilé, mo ti rò ó fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ọ̀fun ti ń dùn mí. Ni mo bá ní kí Kúdí, ọmọ ọmọ mi, mú bírò, kí ó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kí ẹni tó bá tún bi mí pé "Ìyá, Sìkírá ńkọ́?" lè gba ìwé kí ó lọ kà á. Èmi ò mọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sílé ìwé, ìdí ẹ̀gúsí ni wọ́n fi èmi sí. Mi ò bínú, ẹ̀gúsí náà ló tọ́ gbogbo yín.

Nítorí Sìkírá ni mo ṣe lọ sí Abíjàn. Òun ni ọmọ mi kẹta. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ọkọ ṣaláìsí, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. A ní yóò padà wálé. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, yóò pè: "Màámi, ó di Iléyá tó ń bọ̀." Iléyá mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Àfi lọ́jọ́ kan tó pè, tó ní, "Màámi, bí ẹ bá ń bọ̀ wá wò wá, ẹ bá mi mú ìṣápá gbígbẹ dání. Kí ó pọ̀ o." Mo ní háà! Ẹni tí ọbẹ̀ ìṣápá ń wù, ilé ló ń pè é. Mo ra ìṣápá funfun, mo sá a, mo rọ ọ́ kún àpò ìrẹsì, mo sì ní kí ọmọ mi àgbà ọkùnrin kun yàrá ẹ̀yìn. Mo ń lọ mú ọmọ mi wálé ni.

Ojú ọ̀nà

Mi ò ní sọ ti bọ́dà fún yín. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á kò pàdánù nǹkan kan. Ti ènìyàn ni mo fẹ́ sọ. Nílẹ̀ Gánà, ìyá kan jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Ó sanra, ó gba ìjókòó tirẹ̀, ó gba ìdajì tèmi. Inú ń bí mi. Kò gbọ́ èdè mi, n ò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ẹyin sísè kan jáde nínú báàgì, ó bó o, ó pín in sí méjì, ó sì fún mi ní apá tí pupa rẹ̀ pọ̀ sí. Láti ìgbà náà títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, mo ń sún fún un ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú kí ó tó lọ. Títí di òní n ò mọ orúkọ rẹ̀, mo ṣì ń ṣàdúrà fún un.

Oúnjẹ ni mo fi ń mọ ibi tí a dé, nígbà tí n ò lè ka àkọlé. Gàrí wa tó le di gàrí wọn tó kúnná. Nígbà tó yá, ẹ̀gẹ́ pòórá, àgbàdo kíkan tí wọ́n wé sínú ewé ló gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí ohun funfun wóróworó nínú ọ̀rá, tí wọ́n gbé ẹja díndín àti àlùbọ́sà tútù lé lórí, awakọ̀ ní, "Ìyá, atíẹ́kẹ́ nìyẹn. Ẹ ti dé ilẹ̀ wọn." Ẹ̀gẹ́ náà ni. Dípò kí wọ́n yan án bíi gàrí, ooru ni wọ́n fi ń sè é. Mo tọ́ ọ wò, ó kan díẹ̀. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kó dá ọmọ ẹni dúró nílùú onílùú.

Mo dé Adjamé

Adjamé, àdúgbò ibùdókọ̀ ńlá ní Abíjàn, ni mọ́tò já wa sí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí èrò lọ́jà wa ńbí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọkùnrin alágbàrù kan, tí ṣòkòtò rẹ̀ ya ní orúnkún méjèèjì, já àpò ìṣápá gbà lọ́wọ́ mi, ó ń pariwo "Láfíyẹ̀! Láfíyẹ̀!" Mo pariwo olè. Èmi fà á lápá kan, òun fà á lápá kejì, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ni ọmọbìnrin kan tó ga, tó wọ ṣòkòtò, bá sáré dé.

"Ìyá àgbà, bọ̀n, ẹ fi sílẹ̀! Ó ń ràn yín lọ́wọ́ ni!"

Ràlíá nìyẹn, ọmọ Sìkírá, ọ̀dọ́ tó ti pé ogún ọdún. Inú fọ́tò nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà gbé ẹrù mi dé ìdí ọkọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Láfíyẹ̀ tó ń pè mí, ìyá àgbà ló ń jẹ́ nínú Faransé ti ibẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Mo ti pe ẹni ẹlẹ́ni ní olè. Mo súre fún un títí ojú fi tì í.

Ràlíá fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́, kò kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí ẹni pé èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń dókòwò! Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó wò mí, mo wò ó. Ó wá rántí, ó tẹ orúnkún kan, èkejì ò kanlẹ̀ nítorí ṣòkòtò náà fún jù. Ẹ̀rín pa mí, mo fà á mọ́ra. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bó bá ń sọ ọ́, ó dà bí ìyán tí wọn ò gún kúnná, kókó Faransé wà nínú rẹ̀ káàkiri. "Bọ̀n" yìí, "ó dáa" ni lédè Faransé, ó máa ń kì í bọ ọ̀rọ̀ ṣáá.

Ilé oúnjẹ tó jọ ìbejì

Mo ti rò pé abẹ́ igi ni Sìkírá ti ń se oúnjẹ tà. Gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, gbé wa kọjá níwájú ilé kan ní Adjamé: ilẹ̀kùn pupa, àga pupa, àwòrán ìkòkò tó ń yọ èéfín lókè. Ràlíá ní, "Irú ibi iṣẹ́ màmá nìyẹn." A rìn títí, mo tún rí ilẹ̀kùn pupa, àga pupa, ìkòkò àti èéfín.

Mo ní, "Ràlíá, awakọ̀ yìí ti ṣìnà o. Ó ti gbé wa padà síbi àkọ́kọ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi forí gbá fèrèsé. Ó ní márùn-ún ni wọ́n, obìnrin kan ṣoṣo ló ni wọ́n, Ìsígì sì ni orúkọ gbogbo wọn. Èdè Jùlá ni, "jókòó" ni wọ́n ń wí. Èyí tó wà ní àdúgbò Treichville, nítòsí ọjà ńlá, ni màmá rẹ̀ ti ń sè.

Mo jẹun nínú mẹ́ta nínú wọn kí n tó kúrò nílùú náà, mo sì fẹ́ jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ ní Adjamé, òun náà ni wọn yóò gbé fún ọ ní Treichville. Dòdò mẹ́wàá níbí, dòdò mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Mo kà á. Adìyẹ yíyan, itan kan, apá kan, ata lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré bí ohun ìṣeré ọmọdé. Nílé wa ńbí, bí Ìyá Onírẹsì bá bá ọkọ rẹ̀ jà, ẹ ó mọ̀ nínú ọbẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó ń ṣe alásè. Ó dùn o, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Ìwé oúnjẹ wọn ni wọ́n ń pè ní káàtì. Ó tóbi, ó ń dán, omi ò lè bà á jẹ́. Àwòrán gbogbo oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ wà lábẹ́. Bí a ti dé ti Treichville lọ́jọ́ náà, mo ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn: ẹja díndín, ìrẹsì pupa, búrẹ́dì tí wọ́n là láàrin tí wọ́n ki ẹran bọ̀, omi ọsàn. N ò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ kà tán. Mo wá fi ìka kan adìyẹ, mo ní kí wọ́n dín owó rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fọwọ́ bo ẹnu.

Ràlíá ní, "Ìyá àgbà, wọn kì í ná an! Ó ti wà nínú ìwé!"

Mo ní, "Ìwé ti sọ tirẹ̀. Èmi náà ń sọ tèmi."

Ibẹ̀ ni Sìkírá ti jáde láti ilé ìdáná, fìlà funfun lórí, aṣọ ìdáná lọ́rùn. Ewú ti yọ létí rẹ̀. Ọmọ mi ti ń hu ewú, n ò sì sí níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn, orúnkún méjèèjì, lójú gbogbo àwọn oníbàárà. Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn.

Àdéhùn wa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nílé rẹ̀ ní àdúgbò Yopougon, yàrá kan àti pálọ̀ tó mọ́ tónítóní, mo gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

"Sìkírá, wọ́n ti kun yàrá ẹ̀yìn. Di ẹrù rẹ ká máa lọ."

Ó ń po ẹ̀kọ mímu fún mi. Kò dáwọ́ dúró. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Onílé tó ni ilé oúnjẹ ti Treichville fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà. Ẹni tó ni Ìsígì, Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é, fẹ́ ṣí òmíràn ní Yopougon. Alásè mẹ́ta ló wà ní Treichville, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò lọ ṣe ọ̀gá alásè níbi tuntun yìí. Ó ní kí kálukú wọn se oúnjẹ kan tí kò sí nínú káàtì, kí ó pe ènìyàn mẹ́jọ wá jẹ ẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá wọ káàtì ló ni Yopougon. Àwọn méjì tó kù, ó dàbọ̀. Ọ̀kan ti se adìyẹ ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà, ọ̀kan ti se ẹja gbígbẹ. Ó ku Sìkírá.

"Kí lo fẹ́ sè?"

"Ìyán àti ọbẹ̀ ìṣápá."

Mo wo àpò tí mo rù láti Ṣakí. "Ìdí ìṣápá náà nìyẹn?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn, Màámi."

"Tí kò bá wá wọ̀ ńkọ́?"

Ó gbé ẹ̀kọ síwájú mi. "Tí kò bá wọ̀, mo bá yín lọ. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń tún iṣẹ́ wá káàkiri ìlú lọ. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mi ò ní tún sọ pé ó di Iléyá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò ní tàn yín. Nígbà tí mo kírun tán, mo ní, "Ọlọ́run, ṣe èyí tó dára." Ẹ̀yin náà mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbà á ti mọ èyí tó fẹ́.

Ọjọ́ ìtọ́wò

Sìkírá ní ẹni tó mọ ìṣápá ló lè mọ̀ pé òun sè é dáadáa. Ó pe àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Treichville, ará Ṣakí, ará Ìgbòho, ará Ìsẹ́yìn. Méje ni wọ́n, èmi ni mo ṣe ìkẹjọ. Ìyá Táwà láti Ìgbòho, aláṣọ, ló ń ṣe bí olórí wọn. Ó ti lo ogójì ọdún lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú.

Màdáámù jáde wá kí wa. Obìnrin Jùlá ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe kí wa, tí Ràlíá ń tú u fún mi! Ó bi wá léèrè ara, ilé, ọmọ, ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ara. Ìkíni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ ju oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ilé ìdáná, kò jókòó tì wá.

Wọ́n gbé e dé. Ìyán funfun, iṣu nìkan, wọn ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lú u bí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń ṣe. Ọbẹ̀ ìṣápá, ẹ̀gúsí gbá a mú, irú ń ta sánsán. Ẹran màlúù méjì nínú àwo kọ̀ọ̀kan, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ìyá tèmi tó ti kú ni mo rí.

Mo rọra ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ọmọ mi nìyí o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn ìyá Sìkírá ò lẹ́kọ̀ọ́. Ká jẹun bí àgbà."

Ìyá Táwà ní, "Ta lò ń kọ́? Ṣé àná ni wọ́n bí mi ni?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo wí. Àgbà kì í jẹ ẹran tán nínú àwo. Ọmọ tí yóò gbé àwo kúrò ti ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó sì lójú ẹni tó ń fi àwo òfìfo fún ọmọ. Mo jẹ ọbẹ̀, mo jẹ ìyán, mo fi òkè ìyán kékeré kan sílẹ̀, mo sì to ẹran mi méjèèjì sórí rẹ̀ kó lè hàn dáadáa. Àwọn tó kù náà fi òkè ìyán àti ẹran ọ̀kan ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá Táwà fi ọ̀kan sílẹ̀, ó wò ó títí kí ó tó ti àwo síwájú. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kó àwo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ. A fọwọ́, a ní àlùhámúdùlílà. Inú wa ń dùn sí ara wa.

Kò pẹ́ ni Sìkírá jáde. Ó ti bọ́ aṣọ ìdáná, ó ká a mọ́wọ́. Omi wà lójú rẹ̀.

"Màámi, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣé kí n lè bá yín lọ ni ẹ ṣe ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ẹran méjèèjì sílẹ̀!"

Ìgbà náà ni mo tó gbọ́. Òun náà ò mọ̀ títí di àkókò yẹn. Màdáámù kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá oúnjẹ dùn. Ó ní ẹnu ènìyàn máa ń pọ́nni, àwo kì í pọ́nni. Ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo ló máa ń dúró sí, ohun tó bá padà wá ló fi ń mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin oníṣẹ́ ni alásè méjì ìṣáájú pè, àwo wọn funfun bí eyín. Tiwa padà pẹ̀lú òkè ìyán mẹ́jọ àti ẹran mẹ́sàn-án. Màdáámù ti wò ó, ó ti mirí.

Mo wo ojú ọmọ mi. Mo rántí àdúrà tí mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kò sì lè mú un.

Ẹran nínú garawa

Mo dìde, mo doríkọ ilé ìdáná. Ràlíá tẹ̀lé mi, "Ìyá àgbà, bọ̀n, wọn kì í wọlé síbẹ̀!" Ìyá Táwà tẹ̀lé Ràlíá. Àwọn tó kù tẹ̀lé Ìyá Táwà.

Ohun tí a bá níbẹ̀, mi ò ní gbàgbé. Obìnrin tó ń fọ àwo gbé àwo tèmi, ó dà á sínú garawa pàǹtí. Gbìì, gbìì, ẹran méjèèjì. Òfin Ìsígì ni, àjẹkù oníbàárà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu.

Ìyá Táwà kígbe. "Yéè! Ẹran o! Ẹ wá wo ẹran màlúù nínú ìdọ̀tí!" Ìyá kan káwọ́ lérí. Òmíràn di àwo kejì mú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. "Tèmi nìyẹn! Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe fi sílẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Màdáámù yíjú padà. Ó bi Ràlíá léèrè ohun tó ń ṣe wá.

Mo ní, "Bi í pé ọmọ dà? Ọmọ tó yẹ kó jẹ ẹ́ dà?"

Ràlíá tú u. Màdáámù ní, "Ọmọ wo? Kò sọ́mọ níbí. Tí oúnjẹ náà ò bá dùn mọ́ wọn, kí ló dé tí wọ́n ń sunkún rẹ̀?"

"Ta ló sọ pé kò dùn?" Mi ò mọ̀gbà tí ohùn mi ròkè. "Ràlíá, tú u fún un dáadáa. Èyí tó dára là ń fi sílẹ̀! Èyí tí kò dára, ta ló máa fún ọmọ rẹ̀?"

Ràlíá tú u. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó fi Faransé, ó fi Jùlá, ó fi ọwọ́. Màdáámù yọ ìgò ojú, ó wo inú garawa, ó wo Ìyá Táwà tó ń nu ojú pẹ̀lú ìborùn. Ó ní ìyá bàbá òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí àjẹkù rẹ̀ ni òun ti mọ ẹran. Mo ní ó ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Oníṣòwò ni obìnrin yẹn.

Ó ní, "Àwo ni mo gbà gbọ́. Ẹ padà lọ jókòó. Wọn yóò gbé mẹ́jọ mìíràn wá. Ẹ ti gbọ́ pé kò sọ́mọ níbí. Ẹni tó bá tún fi sílẹ̀, mo mọ̀ pé kò dùn nìyẹn."

Àwo kejì

A ti yó o, ẹ má gbàgbé. Àgbàlagbà mẹ́jọ tí wọ́n ti jẹ ìyán lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Táwà tú ìró rẹ̀, ó tún un ró lókè.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti di àgbà ni mo ti ń fi ẹran sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ojoojúmọ́ ni ọkàn mi ń tẹ̀lé ẹran náà lọ sí ilé ìdáná." Ó gbá eegun mú, ó fọ́ ọ.

A rẹ́rìn-ín títí òkèlè fi há ìyá kan lọ́fun. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ.

Ẹran méjì tèmi wà níwájú mi. Kí n purọ́ fún yín? Mo wò wọ́n pẹ́. Bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀, tí mo ní ikùn mi kún, kò sẹ́ni tí yóò bá mi wí. Ikùn mi kún lóòótọ́. Sìkírá yóò di ẹrù rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wo àwo mi. Ojú mi ló ń wò.

Mo mú ẹran àkọ́kọ́, mo jẹ ẹ́. Mo mú èkejì. Òógùn bò mí. Mo fi ìyán tó kù nu ọbẹ̀ tó kù, mo sì fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ àwo yí ká, ohun tí n ò ṣe láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ.

Màdáámù wo àwo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n lé ara wọn. Ó yíjú sí Sìkírá. "Yopougon," ó ní. Ó tún ní kí ó dín ata kù díẹ̀, ó sì kọjá lọ bí ẹni tó ń lọ ra iyọ̀.

Ìṣápá wa nínú ìwé

Mo dúró títí wọ́n fi ṣí i. Wọ́n ra òṣùwọ̀n kékeré kan, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ìyán, kí ti òní má baà ju ti ọ̀la lọ. Ìyán lórí òṣùwọ̀n! Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́ lọ́run. Onífọ́tò wá ya ọbẹ̀ náà, ó yà á títí ó fi tutù. Ó ti wà nínú káàtì báyìí, nínú ilé pupa márààrún, láàrin ẹja díndín àti ìrẹsì. Mo rí ọkùnrin kan tó so táì tó fi ìka kàn án, tó jẹ ẹ́ tán, tó sì ní kí wọ́n tún gbé e wá. Kì í ṣe ará wa rárá. Mo fẹ́ lọ bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

Sìkírá ní ènìyàn méje lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní sẹ́ẹ̀fù, ó sì ń dáhùn. Ràlíá ń lọ sílé ìwé. Wọ́n ní àwọn ìyá ní Treichville tó máa ń bẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́jọ, pé ọmọ mi ń jìyà níbìkan tí n ò mọ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí Abíjàn, n ò rù ú padà. Mo sùn nínú mọ́tò láti ibẹ̀ dé ilé bí ọmọ ọwọ́.

Ó ku ohun kan tí n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìtọ́wò yẹn, nígbà tí àwọn ìyá ti lọ tán, Sìkírá fúnra rẹ̀ fẹ́ fọ àwo mi. Ó gbé e, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń dán. Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu rẹ̀, ẹkún náà fẹ́ gbà á.

"Màámi, ẹ ò tilẹ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi."

Mo ní, "N ò fi sílẹ̀. Tìrẹ wà nínú ìkòkò."